Ilé B&B ayé Fikitóríà, hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ àbí mótẹ̀lì: ìfiwéra fún ẹni tó ń lọ sí Cape May

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà láti ẹnu ọ̀nà títí dé yàrá tí wọ́n fún ìyá mi. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé èmi ni mo di apá wọn mú tí a jọ ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n fi pákó kọ́ ní Cape May, ìpínlẹ̀ New Jersey. Kí a tó wọlé, ìyá mi dúró lẹ́bàá títì, wọ́n ń wo iwájú ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló fi igi hun léèsì báyìí?" Inú wọn dùn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa dé àjà kẹta, orúnkún ti ń ro wọ́n, ọkàn tèmi náà sì bàjẹ́. Ìbéèrè kan péré ni mi ò bi onílé kí n tó sanwó: ṣé yàrá wà nísàlẹ̀?

Mo ti padà lọ sí ìlú náà nígbà mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ti sùn sí oríṣi ibi mẹ́ta tí wọ́n ń gba àlejò sí lágbègbè yẹn. Mo kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ mú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lọ fi ìsinmi ṣàjọyọ̀ ọdún ìgbéyàwó wọn, tàbí tó fẹ́ mú òbí tó ti ilé dé lọ wo òkun, tí kò sì tíì mọ èyí tí yóò yàn.

Ìlú náà àti ohun tó wà níbẹ̀

Cape May ló wà ní ìsàlẹ̀ New Jersey pátápátá, níbi tí omi Delaware ti pàdé Òkun Àtìláńtíìkì. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Garden State Parkway parí sí, òdo sì ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ibi àbájáde tó kẹ́yìn. Láti Philadelphia, bíi 90 máìlì ni. Ẹni tí kò bá wa mọ́tò lè wọ bọ́ọ̀sì NJ Transit láti Philadelphia tàbí láti New York.

Ní oṣù November 1878, iná ńlá kan sọ níbẹ̀, ó jó àwọn hòtẹ́ẹ̀lì gbàgede-gbàgede àti ọ̀pọ̀ ilé run. Kíá ni wọ́n tún un kọ́, pákó ni wọ́n sì fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù, ní àṣà tó gbòde nígbà ayé Fikitóríà, ọbabìnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí oyè láti 1837 di 1901. Nílé wa lọ́hùn-ún, ogun Kírìjì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn káfíńtà ń kan àwọn òrùlé yìí. Nígbà tó yá, àwọn olówó tó ń wá sinmi níbẹ̀ kọjú sí etí òkun mìíràn, ìlú náà sì rọlẹ̀. Rírọ̀ tó rọlẹ̀ yẹn wà lára ohun tó gba àwọn ilé náà là, torí ẹni tí kò rówó kọ́ tuntun kì í wó ti àtijọ́. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde gbogbo ìlú náà ní National Historic Landmark, ìyẹn ibi ìtàn tó ṣe pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Oríṣi mẹ́ta tí mo fẹ́ fi wéra nìyí. Àkọ́kọ́ ni ilé ńlá tó jẹ́ ti olówó kan nígbà kan rí, tí onílé wá sọ di B&B: ẹ sùn, ẹ jí, ẹ jẹun àárọ̀, owó oúnjẹ ti wà nínú owó yàrá. Èkejì ni hòtẹ́ẹ̀lì tó ti jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mótẹ̀lì: ẹ gbé mọ́tò sí ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ó parí.

Ilé fúnra rẹ̀

Níbí ni ilé B&B ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá sanwó níbẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ni ẹ rà, ilé ni ẹ rà fún ọjọ́ méjì. Ẹ wo Mainstay Inn. Ọdún 1872 ni wọ́n kọ́ ọ fún àwọn ọkùnrin olówó tó fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa ta tẹ́tẹ́. Síìlìn rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, àwọn àga tó ń mì síwá sẹ́yìn wà níbẹ̀, ilé ṣóńṣó kékeré kan sì wà lórí òrùlé bíi fìlà. Ilé tó ń jẹ́ Queen Victoria, tí wọ́n kọ́ ní 1881, náà kò jìnnà sí i.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù ni Angel of the Sea. William Weightman, oníṣòwò oògùn kan ní Philadelphia, ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kúníìnì wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó, oògùn ibà kíkorò yẹn tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú náà ni pé ní 1881, ìdílé náà fẹ́ kí ilé wọn kọjú sí òkun. Ilé tóbi kọjá ohun tí wọ́n lè gbé lódindi, ni wọ́n bá là á sí méjì, wọ́n tò ó sórí igi rìbìtì, ẹranko ń fà á lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀, wọn ò rí ọ̀nà tí wọ́n á fi tún un so pọ̀. Títí di òní, ilé méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n dúró ti ara wọn bí ìbejì.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí yàrá méjì tó jọra. Ọ̀kan lè ní fèrèsé mẹ́ta tó yí ká bí abẹ̀bẹ̀, èkejì lè wà lábẹ́ òrùlé gan-an débi pé ẹni tó ga ní láti tẹ orí ba kó tó dé fèrèsé. Nítorí náà, àwòrán yàrá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ nǹkan kan nípa yàrá tí wọ́n máa fún yín. Orúkọ yàrá ni kí ẹ bèèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ló fún yàrá lórúkọ dípò nọ́ńbà.

Hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1816 ni Congress Hall ti bẹ̀rẹ̀; ó wà lára ohun tí iná 1878 jó, bíríkì ni wọ́n sì fi tún un kọ́ ní 1879. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1891, Ààrẹ Benjamin Harrison ṣe iṣẹ́ ìjọba láti ibẹ̀. Chalfonte, tí ológun kan tó ń jẹ́ Henry Sawyer kọ́ ní 1876, ni iná náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wọ yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, ilẹ̀kùn ti padé nìyẹn. Ẹ lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má mọ orúkọ yín. Àwọn kan fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fẹ́ ẹ.

Mótẹ̀lì kò ní irú ìtàn yìí, àfi tí ẹ bá lọ sí Wildwood tó wà lókè díẹ̀, níbi tí àwọn mótẹ̀lì ọdún 1950 sí 1969 wà pẹ̀lú iná aláwọ̀ mèremère àti igi ọ̀pẹ oníke. Caribbean Motel, ti 1957, wà lára wọn. Ó dùn ún wò lóru.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó wà lọ́kàn mi kí n tó kúrò níhìn-ín. Ní nǹkan bí 1970, wọ́n fẹ́ wó ilé Emlen Physick, ilé oníyàrá 18 tí wọ́n kọ́ ní 1879. Àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbà á sílẹ̀, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Mo dúró nínú yàrá ìjókòó ilé náà, Ilọ́jọ̀ Bar ló sì wá sí mi lọ́kàn, ilé àwọn Àgùdà tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, September 2016 ni wọ́n sì wó o lulẹ̀. Ilé pákó kò lè dá dúró fún 140 ọdún. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ ọ̀dà, omi ń wọ inú igi, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa kun ún, kó máa pààrọ̀ pákó tó jẹrà. Owó yàrá tí ẹ san ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tó jẹ́ kí n máa yan B&B nìyẹn nígbà tí agbára mi bá ká a.

Oúnjẹ

Ní ọ̀pọ̀ ilé B&B, gbogbo àlejò ló ń jẹun pọ̀ ní àkókò kan náà, ìgbà mìíràn sì rèé, orí tábìlì kan ni. Ẹ máa jókòó ti ẹni tí ẹ kò rí rí, ẹ máa kí wọn, wọ́n á bi yín pé níbo lẹ ti wá. Fún ọmọ Yorùbá, ìyẹn kò yẹ kó ṣòro, ìkíni ni iṣẹ́ wa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, ìyá mi kí gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọdébìnrin tó ń gbé kọfí kiri, "Ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?" Èmi ń túmọ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan láti Ohio ti ń sọ "Ẹ káàárọ̀" fún wọn kí wọ́n tó jókòó.

Oúnjẹ àárọ̀ náà máa ń dùn, ó sì máa ń ní ṣúgà: ẹyin tí wọ́n yan pọ̀ mọ́ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, èso, kéèkì kékeré tó gbóná. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, kó sọ ọ́ nígbà tó ń gba yàrá, kó má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà, torí pé ẹnì kan tàbí méjì péré ló ń se oúnjẹ náà, alẹ́ ni wọ́n sì ti ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ń gbé tíì àti bisikíìtì síta lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá oúnjẹ alẹ́ yín lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ wọ kíṣìnnì, kò sì sí ibi tí ẹ ti máa gbé ọbẹ̀ tí ẹ sè láti ilé kaná.

Ní Congress Hall, ilé oúnjẹ wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ ń jẹ ẹ̀ ń san. Chalfonte ni oúnjẹ rẹ̀ ní orúkọ, orúkọ yẹn sì wá láti ọwọ́ obìnrin dúdú kan, Helen Dickerson, tó ṣe olórí kíṣìnnì ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó kan àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Adìyẹ díndín wọn làwọn ènìyàn máa ń tìtorí rẹ̀ wá nígbà yẹn. Mótẹ̀lì ló dára jù fún ẹni tó ní ọmọ kéékèèké: púpọ̀ ní fíríìjì àti máíkírówéfù nínú yàrá, àwọn mìíràn ní sítóòfù. A gbé jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà lọ sí Wildwood, ọjọ́ méjì la fi jẹ ẹ́, a ò sì na kọ́bọ̀ lórí oúnjẹ alẹ́.

Ariwo, àdúrà àti fóònù

Ògiri ilé àtijọ́ ń sọ̀rọ̀. Pákó ilẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn ń ké, ikọ́ ẹni tó wà ní yàrá kejì ń wọlé wá bá yín. Ẹ wo ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún wa. Ẹni tó máa ń dìde gbàdúrà láago méjì òru kò lè pariwo níbẹ̀. Ẹnu ni kó ti máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Fóònù ilé ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí márùn-ún ni Nàìjíríà fi ṣáájú New Jersey, torí náà aago mọ́kànlá ti lù nílé nígbà tó bá ṣì jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀ ní Cape May, àwọn ará ilé á sì máa pè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an kò ṣe é lò ní àkókò yẹn, fèrèsé àwọn tó ń sùn ló wà lókè rẹ̀. Mo máa ń gbé fóònù lọ sí etí òkun.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì oníbíríkì, ó san díẹ̀. Mótẹ̀lì ní ariwo tirẹ̀, ti ọmọdé nínú omi ìwẹ̀ àti ti mọ́tò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wo yín tìkà-tẹ̀gbin nítorí pé ẹ rẹ́rìn-ín sókè.

Àtẹ̀gùn

Mo ti sọ ti ìyá mi. Òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àìlera ní Amẹ́ríkà, ti 1990, yọ ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé sílẹ̀, bí yàrá tó ń fi gba àlejò kò bá ju márùn-ún lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ilé kékeré lè má ní ọ̀nà kankan fún kẹ̀kẹ́ arọ, kò sì rú òfin. Kódà láwọn ilé tó tóbi, lífìtì ṣọ̀wọ́n, àtẹ̀gùn ìgbà yẹn dín, ó sì dúró gangan. Bẹ́ẹ̀dì pàápàá lè ga débi pé wọ́n á gbé àpótí ìtìsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Balùwẹ̀ náà lè jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n wá fi páìpù sí. Ẹni tó bá sanra kò ní lè yí padà nínú rẹ̀.

Bí ẹni tí ẹ ń mú lọ bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, tàbí tó ń lo ọ̀pá, mótẹ̀lì ìsàlẹ̀ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì tó ní lífìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá sì fẹ́ B&B dandan, àfi yàrá ìsàlẹ̀, kí onílé sì kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣèlérí yàrá fún mi nígbà kan, ẹlòmíràn ni mo bá nínú rẹ̀.

Owó

Mi ò ní kọ iye yàrá síhìn-ín torí pé July kò jọ February rárá. Ohun tí kì í hàn lójú kíní ni owó orí. Owó orí ọjà New Jersey jẹ́ 6.625%, owó ìpínlẹ̀ lórí ibùsùn jẹ́ 5%, ìlú sì lè fi tó 3% lé e. Yàrá tí wọ́n pè ní $300 lè gbé bíi $44 sórí lálẹ́ kan ṣoṣo.

Láti ìparí May títí di ìbẹ̀rẹ̀ September, ọ̀pọ̀ ilé B&B kì í gba àlejò alẹ́ kan, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀; alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè. Àsansílẹ̀ wọn le láti gbà padà ju ti hòtẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì yé mi, torí ilé oníyàrá mẹ́jọ kò lè fara da yàrá kan tó ṣófo lójijì ní July. Àwọn mìíràn kì í gba ọmọdé rárá. Ẹ bèèrè, ẹ má gbé ọmọ ọdún mẹ́ta débẹ̀ kí ojú má baà tì yín.

Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ ka ohun tó wà nínú owó náà: oúnjẹ àárọ̀ fún ènìyàn méjì, tíì, àti ní ọ̀pọ̀ ibi, kẹ̀kẹ́, àga etí òkun àti baaji ìwọlé sí òkun. Baaji yìí ṣe pàtàkì, torí pé ní Cape May, àgbàlagbà kò lè jókòó sí etí òkun lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Wildwood, ọ̀fẹ́ ni. Fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó fẹ́ wẹ̀ nínú òkun láti àárọ̀ di alẹ́, mi ò rí ìdí tí wọ́n á fi sùn sí ilé ayé Fikitóríà. Kí wọ́n lọ sí mótẹ̀lì ní Wildwood, kí wọ́n wa mọ́tò wá wo àwọn ilé náà ní ọ̀sán kan.

Àwa dúdú nínú àwọn ilé yìí

Ẹnikẹ́ni tó bá sùn sí ilé ńlá bẹ́ẹ̀ yóò rí àtẹ̀gùn kékeré kan lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé ń gbà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ènìyàn dúdú. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn irin tí wọ́n fi ń gbá àtẹ̀gùn yẹn mú, ó ti dán bí awẹ́ obì nítorí ọwọ́. Harriet Tubman, obìnrin dúdú tó ti sá kúrò lóko ẹrú, ṣiṣẹ́ ní Cape May ní 1852 láti kó owó jọ tó fi ń padà lọ gba àwọn ẹrú sílẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Lafayette Street, òdì-kejì rẹ̀ sì ni ilé Stephen Smith, ọkùnrin dúdú tó fi igi àti èédú ṣòwò títí tó fi di olówó, tó kọ́ ilé ìsinmi tirẹ̀ síbẹ̀ ní 1846, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣáájú Mainstay. Ibikíbi tí ẹ bá sùn sí, ẹ lọ síbẹ̀. Èmi a máa lọ síbẹ̀ kí n tó lọ sí ilé Physick, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Tí ẹ bá ti pinnu

Fún ọkọ àti ìyàwó tí ẹsẹ̀ wọn ṣì le, tí wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ àti ohun àtijọ́: ilé B&B, ọjọ́ Monday sí Thursday ní October, nígbà tí èrò ti dín. Ẹni tó fẹ́ òkun àti ìdákẹ́jẹ́, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í ní nǹkan kan: Congress Hall. Ẹni tó ní ọmọ: mótẹ̀lì. Ní December, wọ́n máa ń fi iná àti ewé Kérésìmesì ṣe àwọn ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì máa ń mú àlejò rìn yíká. Òtútù òkun le gan-an, ẹ kó kóòtù.

Ní ti ìyá mi, a padà lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, sí ilé mìíràn. Mo pe onílé lórí fóònù ní January fún yàrá July, torí yàrá ìsàlẹ̀ kì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú ilé kan, òun ló sì ń tètè tán. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo bá wọn lórí àga tó ń mì, wọ́n ti wé gèlè wọn, wọ́n fi ìka tọ ọnà ara pákó náà láti ihò kan dé èkejì, wọ́n ń kà á.